Epo wà lẹ́nu ọ̀nà, iná ṣẹ́ yọ ní ìdí pásééjì: ìdáhùn sí ìbéèrè ọ̀gá panápaná kan

Ọ̀gá panápaná kan ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ìwé náà kúrú, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ilé náà mọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka wa bí a ṣe ń wádìí ohun tó fa iná. Ilé onípásééjì kan jó ní ìhà Àpáta, lálẹ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé. Ọmọ ayálégbé kan ti bu bẹntiróòlù láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú gálọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà wọn ní ìrọ̀lẹ́, díẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ìyá kan ní ìdí pásééjì, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ni àwọn aládùúgbò ti kọ́kọ́ rí iná. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọ ọ́ pé ẹnì kan ló da epo sílẹ̀ tó ṣáná sí i, torí pé ilẹ̀ pásééjì jó ní ìlà, kò sì sí iná kankan nítòsí kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀kan nínú wọn ní fóònù ni. Wọ́n ti mú ọmọkùnrin náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Báwo ni iná ṣe lè ṣẹ́ yọ níbi tí epo ò sí? Báwo ni mo sì ṣe lè kọ́ wọn tí á fi yé wọn?”

Ọ̀gá, èmi ò dé ilé náà, mi ò sì ní jókòó síbí fi ìwé kan ṣoṣo dá ẹnikẹ́ni láre tàbí lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun gidi ló ń kọ yín lóminú. Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín gbé ọ̀rọ̀ lé: wọ́n gbà pé ibi tí epo bá wà ni iná gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti pé bí a ò bá rí ohun tó lè dá iná sílẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ènìyàn ló ṣáná. Nínú gbogbo ohun tó ń ba ìwádìí iná jẹ́ nílẹ̀ wa, mi ò rò pé òmíràn burú tó èrò yìí, àìsí irinṣẹ́ pàápàá kò tó o. Bẹntiróòlù lè wà lẹ́nu ọ̀nà kí iná rẹ̀ ṣẹ́ yọ ní ìdí pásééjì, kó wá sáré padà wá bá kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí iná ti kú yóò bá ilẹ̀ tó jó láti ìkángun kan dé ìkejì, yóò sì ní wọ́n da epo síbẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé wọn ni pé epo fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jó. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára epo ló ń jó, òun náà kì í sì í jó àfi tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ìwọ̀n tó yẹ. Fún bẹntiróòlù, ìwọ̀n yẹn jẹ́ láti nǹkan bí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé nǹkan bí 7.6. Tó bá dín sí ìyẹn, kò tíì tó. Tó bá jù ú lọ, ó ti pọ̀ jù, kò ráyè jó. Bẹntiróòlù sì ti ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gba iná sílẹ̀ láti nǹkan bí -40°C, kò sí òru ọyẹ́ kankan ní Ìbàdàn tó tutù tó láti dá a dúró. Ojúlówó kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ gbóná dé 38°C ó kéré tán kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì sì ń ju 50°C lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rọ kẹrosíìnì sínú sítóòfù láti ọjọ́ pípẹ́ tí ilé kì í bú gbàmù. Ìdí náà nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn oníjìbìtì bá po bẹntiróòlù mọ́ ọn, tí kò tiẹ̀ pọ̀, àtùpà àti sítóòfù á bẹ̀rẹ̀ sí í bú mọ́ ènìyàn lójú. Ojú lásán ò lè fi ìyẹn mọ̀. Ìdánwò ooru ní láàbù ló lè sọ ọ́.

Ibí yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da nǹkan méjì pọ̀, kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Pé bẹntiróòlù tètè ń gba iná lọ́wọ́ ìṣáná kò sọ pé òun náà ló máa kọ́kọ́ gbiná bí a bá ń mú nǹkan gbóná láìsí ìṣáná. Kẹrosíìnì lè gbiná fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 210°C, nígbà tí ti bẹntiróòlù ń lọ sí nǹkan bí 280°C. Inú ìgò tí wọ́n dé pa tí wọ́n sì mú gbóná yíká ni wọ́n sì ti wọn àwọn ìwọ̀n yìí. Ní ìta gbangba, lára sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, irin náà sábà máa ń ní láti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí 200°C kí afẹ́fẹ́ epo tó gbiná lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé “epo kán sí sàlẹ́ńsà, ó sì gbiná” ní iṣẹ́ láti ṣe kí n tó gbà á gbọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n sípáàkì láti ara wáyà púlọ́ọ̀gì tó ti bó máa ń wà nítòsí ibẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wò ó.

Kókó ọ̀rọ̀ ilé yín wà níbi tí afẹ́fẹ́ epo ń gbà lọ. Ti bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè àjà. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, bí àgbàrá ṣe ń wá ibi tó rẹlẹ̀ lẹ́yìn òjò: ó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń kó sínú gọ́tà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, lítà kan bẹntiróòlù tó gbẹ tán lè sọ afẹ́fẹ́ inú yàrá tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó ga ní mítà 2 àti díẹ̀ di ohun tó lè gba iná látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pín dọ́gba. Ilẹ̀ ló ń tẹ́ sí, nítorí náà ohun tó kéré gan-an sí lítà kan lè gba gbogbo ilẹ̀ pásééjì kan ní gíga orúnkún, kí ẹni tó dúró lókè rẹ̀ má gbóòórùn tó bó ṣe yẹ. Ẹ tún rántí pé ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ Òkè-Àdó tàbí àyíká Mápó mọ̀ pé iwájú ilé lè jókòó sórí ilẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pásééjì tó dà bíi pé ó tẹ́jú lójú lè dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìdí, ìwọ̀nba yẹn sì tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ bíríkìlà, kó gbé e sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí, kó sì fi rúlà wọn àlàfo abẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá ìyá yẹn. Ìlẹ̀kùn tó wà ní títì kì í dí ohunkóhun lọ́wọ́ nísàlẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ya sọ ọ̀rọ̀ gáàsì díẹ̀, torí ìwé òyìnbó máa ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, gáàsì tó ń gba inú páìpù wọlé fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń lọ, ìwọ̀n tó ń gbà jó sì jẹ́ ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wà nínú sílíńdà wa yàtọ̀. Propane àti butane ni, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì, ó sì ti ń jó láti nǹkan bí ìdá 2. Ẹni tó bá ka ìwé wọn láì rò ó á lọ máa wo àjà fún àmì, nígbà tí gáàsì ti kó sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná.

Ó wá ku ohun tó ń dá iná sílẹ̀. Sípáàkì tó tó mílíjúùlù 0.25 péré (ìwọ̀n agbára tó kéré jọjọ ni) ti tó fún afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù tó pò dáadáa. Èyí tí ọwọ́ yín ń gbà nígbà ọyẹ́ tí ẹ bá bọ́ súwẹ́tà tí ẹ wá fọwọ́ kan irin ìlẹ̀kùn lè ju ìyẹn lọ dáadáa. Ìyẹn ò sọ pé gbogbo sípáàkì ló jẹ̀bi o. Ohun tí a bá fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ lágbára tó, kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ epo ti pò dé ìwọ̀n tó lè jó, kó sì ṣiṣẹ́ ní àkókò yẹn gan-an. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa ohunkóhun tí wọ́n bá dárúkọ. Fóònù á tètè ṣubú. Petroleum Equipment Institute, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ilé epo ní Amẹ́ríkà, ti gba ìròyìn iná ilé epo jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò rí ẹyọ kan tó dájú pé fóònù ló fà á. Ohun tí wọ́n rí lemọ́lemọ́ ni iná mànàmáná tó ń kó sára ènìyàn látara aṣọ àti àga ọkọ̀, pàápàá ẹni tó padà wọ ọkọ̀ jókòó nígbà tí epo ń wọlé, tó tún jáde wá di ẹnu róbà mú. Mi ò ní kí ẹ máa pe ènìyàn nílé epo, ẹ tẹ̀lé àmì tó wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù parí ìwádìí. Sìgá náà bẹ́ẹ̀. Láàbù iná ti ATF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí iná àti ohun abúgbàmù, gbé sìgá tó ń jó sínú afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù ju ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà lọ, kò gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣáná tàbí láítà tí wọ́n fi tan sìgá náà ńkọ́? Ìyẹn á mú un gbiná kíá.

Ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yín ló dá mi dúró: “nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé.” Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fíríìjì wà nínú yàrá ìyá yẹn? Lẹ́yìn fíríìjì, nísàlẹ̀, lẹ́bàá kọ̀mpírẹ́sọ̀, ríléè kan wà tó máa ń ta tàà nígbà tí ẹ̀rọ bá gbéra. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń sípáàkì níbi tó ti ń kan ara wọn. Ó wà ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ epo ti ń tẹ́ sí gẹ́lẹ́. Ní ìlú tí iná kì í lọ, fíríìjì ń gbéra ó ń sinmi ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà. Níbí, gbogbo fíríìjì ilé kan ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà tí iná bá dé, pẹ̀lú pọ́ǹpù omi, pẹ̀lú ẹ́kíténṣọ̀n tó ti jó lẹ́nu tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ tún fi kún un pé nígbà tí iná ò sí ni wọ́n ń bu epo jẹnẹrétọ̀. Wákàtí tí epo ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ló sáábà máa ń ṣáájú wákàtí tí ohun gbogbo ń sípáàkì. Mi ò rí ìwé òyìnbó kan tó kọ́ olùwádìí pé kó kọ́kọ́ béèrè “aago mélòó niná dé?” Níbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn fún mi.

Pé afẹ́fẹ́ epo lè pọ̀ jù láti jó pàápàá ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Inú kẹ́ẹ̀gì tó kún kì í sábà jó, afẹ́fẹ́ epo inú rẹ̀ ti ju ìwọ̀n lọ. Ẹnu rẹ̀ níta ló ń jó. Dúróòmù tí wọ́n ti da epo rẹ̀ nù, tí ó ku ìrì lára rẹ̀, ló ń pa wẹ́dà nígbà tó bá gbé iná sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ìlà tó wà nílẹ̀ pásééjì, torí òun ló gbé ọmọkùnrin yẹn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Lóòótọ́, epo tí wọ́n dà sílẹ̀ lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Epo tó ṣàn láti ara kẹ́ẹ̀gì tó yọ́ náà lè fi í sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò sí epo kankan rárá. Ní 1990, ilé kan jó ní Jacksonville ní Florida, ènìyàn mẹ́fà kú. Wọ́n ka àmì ilẹ̀, wọ́n ní wọ́n da epo, wọ́n sì fẹ̀sùn kan bàbá ilé. Ilé kan tó jọ ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olùwádìí kó irú àga kan náà sínú rẹ̀, wọ́n ṣáná sí àga nìkan, láìsí epo. Kò tó ìṣẹ́jú 5 tí ooru òkè fi mú ohun gbogbo nínú yàrá gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ pẹ̀lú, irú àmì tí wọ́n pè ní ti epo sì hàn nílẹ̀. Wọ́n wọ́gi lé ẹ̀sùn náà. Gíláàsì tó là wẹ́wẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀rí epo, omi panápaná tó bá gíláàsì gbígbóná ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ńkéré tó bó náà kì í ṣe ẹ̀rí. Àti pé ògiri tó wó láti ìsàlẹ̀ kò fi dájú pé gáàsì tó wúwo ló bú. Ibi tí ògiri ò ti lágbára ló ti ń wó. Ní ti “a ò rí ohun mìíràn, nítorí náà ẹnì kan ló ṣáná”, NFPA 921, ìwé ìtọ́sọ́nà ìwádìí iná láti ọwọ́ ẹgbẹ́ ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1992, sọ ní kedere nínú ẹ̀dà 2011 pé irú ìparí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ọ̀nà sáyẹ́ǹsì mu. Ẹ tẹ ojú ìwé yẹn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì.

Báwo ni ẹ ṣe lè kọ́ wọn? Fídíò rọrùn, kò sì léwu, àmọ́ wọ́n á wò ó bíi fíìmù. Èmi máa ń fi àbẹ́là bẹ̀rẹ̀. Ẹ tàn án títí òwú rẹ̀ á fi jó dáadáa, ẹ fẹ́ ẹ pa, kí ẹ sì sún ìṣáná tó ń jó mọ́ èéfín funfun tó ń gòkè, láì jẹ́ kó kan òwú. Iná á fò sọ̀ kalẹ̀ láti ara ìṣáná dé orí òwú. Ẹ jẹ́ kí kálukú ṣe é fúnra rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìta gbangba ni, ní àárọ̀ tí atẹ́gùn ò fẹ́: gọ́tà páànù tó gùn bíi mítà méjì, tí a fi búlọ́ọ̀kù gbé orí rẹ̀ sókè. Ẹ kọ́kọ́ tan àbẹ́là sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ẹ̀mú gígùn gbé àkísà tí ẹ fi epo tó kún ìdérí ike omi kan rin sí òkè. Kí kẹ́ẹ̀gì jìnnà réré, kí yanrìn àti ẹ̀rọ panápaná wà lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ ọ̀rá, kí ẹ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ẹnu gọ́tà. Fún ìgbà díẹ̀, ohunkóhun ò ní ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Iná á wá sọ nísàlẹ̀, á sáré gòkè bá àkísà. Ẹ fi ojúlówó kẹrosíìnì ṣe é lọ́jọ́ mìíràn, kò ní ṣẹlẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ti bẹntiróòlù pàápàá lè má ṣẹlẹ̀, ẹ̀kọ́ nìyẹn náà. Yàrá méjì tí ẹ jó láti ilẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú epo, ọ̀kan láìsí epo, ló dára jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì léwu fún ẹ̀ka tí omi rẹ̀ ò dájú. Tí ẹ bá ráyè ṣe é, ẹ má sọ èwo lèwo. Ní Las Vegas ní 2005, wọ́n jó yàrá fún olùwádìí 53, wọ́n ní kí wọ́n tọ́ka sí ìdá kan nínú mẹ́rin yàrá tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta péré ló tọ́ka sí ibi tó tọ́. Iṣẹ́ ìwádìí iná ni gbogbo wọn ń ṣe, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín.

Ní ti ilé Àpáta, ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí láti ibí. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ epo rá dé ìdí fíríìjì. Ó lè jẹ́ pé iná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, fíríìjì tàbí wáyà rẹ̀ sì jó fúnra rẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì kàn wá fara gbá nínú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣáná lóòótọ́. Mi ò lè yọ ìyẹn kúrò láti orí àga mi. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn ìyá náà, ìhà wo ló jó jù, ti pásééjì ni àbí ti inú yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá fara jó, ẹ béèrè bóyá ẹsẹ̀ àti ojúgun ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó ilẹ̀ lọ sí láàbù, agolo irin tuntun onídèérí tàbí ìgò ni kí ẹ lò, ọ̀rá lásán ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ epo sá lọ. Ẹ mú láti ibi tí kò jó náà kí láàbù lè fi wé e. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá rí bẹntiróòlù lẹ́nu ọ̀nà, kò fi nǹkan kan kún ẹjọ́ náà, ọmọ náà ti sọ pé òun da díẹ̀ sílẹ̀. Ìdí pásééjì ni kí ẹ wá a sí, àìrí i níbẹ̀ pàápàá ò sì parí ọ̀rọ̀, torí afẹ́fẹ́ epo máa ń jó tán láì fi nǹkan sílẹ̀.

Èyí tó yẹ ní kíá ni kí ẹ kọ ìwé mìíràn sí ọlọ́pàá lọ́sẹ̀ yìí, pé èrò ni ohun tí ẹ̀ka yín kọ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò tí ẹ ò sì lè yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ ọ́ pé a ò mọ ohun tó fà á; àwọn aláṣẹ lè má fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó bá òfin iṣẹ́ wa mu. Ẹ sì tètè ní kí wọ́n bá yín dá fíríìjì náà sí, kí alágbẹ̀dẹ tó ń ra irin àtijọ́ má tíì gbé e. Bó bá ti gbé e lọ, ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé.